Kí A Tó Lọ Gbafẹ́ Létí Ìsédò
Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, ní Krofrom, Kumasi

   

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn yín. Nígbà tí akápò ń ka ìṣirò owó ọdún yìí, ó dé ibì kan tó kà pé: owó àsansílẹ̀ ọjọ́ ìgbafẹ́, a kò rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. A gbọ́ bí ilé ṣe kùn. A rí àwọn tó wo ara wọn lójú. A kò bínú sí yín, nítorí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó alága. Òógùn ìyá tó ń ta ata ni, òógùn ọmọ tó ń ti ọmọlanke ni. Ẹni tí a bá fi owó bẹ́ẹ̀ ṣọ́ gbọ́dọ̀ lè dúró ní gbangba kí ó sọ bó ṣe ná an. Ìdí nìyẹn tí a fi yí ọ̀rọ̀ wa ti ọdún yìí padà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni a fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Èyí tí a ó sọ báyìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìsédò, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní dáàmù, pàápàá jù lọ ìsédò kékeré tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ fún ìgbafẹ́.

Ẹ rántí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ló ní ó ti sú àwọn láti máa ṣe ìgbafẹ́ ọjọ́ Ajé Àjíǹde nínú ọgbà iléèwé lọ́dọọdún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí omi wà. Wọ́n sì rí ibì kan lẹ́yìn ìlú, tí trotro lè gbé wa dé láàárín wákàtí kan láti Krofrom. Ọkùnrin kan tó rí jájẹ ló sé odò kékeré kan níbẹ̀. Ó fi erùpẹ̀ dí àfonífojì náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, omi sì gbilẹ̀ di adágún tó lẹ́wà. Ó kó ẹja sí i, ó gbin òdòdó yí i ká, ó ṣe àtíbàbà oníkoríko, ó sì ra ọkọ̀ ojú omi 2. Bí ẹ bá rí fọ́tò tí àwọn ọmọ mú wá, ẹ̀yin náà á fẹ́ lọ.

Níbí ni àṣìṣe tiwa wà, a kò sì ní fi pamọ́. A san ìdajì owó ibẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fi ojú wa rí i. Àwa tí a kì í ra aṣọ láì tú u wò, àwa tí a ń fi ọwọ́ fọ́ iṣu wò kí a tó san owó rẹ̀, àwa yìí náà la sanwó ibi tí a ó kó ọmọ tó lé ní 150 lọ, láì wò ó.

Nígbà tó ku ọjọ́ 10 kí ọdún Àjíǹde pé, a lọ wo ibẹ̀. Àwa alága, akọ̀wé, ìyálọ́jà kan, àti ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní KNUST la jọ lọ. Òjò ti rọ̀ fún òru mẹ́ta léra kí a tó dé ibẹ̀. Nígbà tí àwa àgbà ń ka àga, tí a ń bèèrè ilé ìyàgbẹ́, ọmọ yìí kò bá wa dá sí i. Orí ògiri erùpẹ̀ náà ló gbà lọ, ó ń rìn ín díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Ìgbà tó ṣe, ó pè wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan."

Ohun àkọ́kọ́ tó fi hàn wá ni igi. Igi máńgòrò 2 ló ti dàgbà lórí ògiri náà, onílẹ̀ ló gbìn wọ́n fún ìbòòji. Èkejì ni ihò òkété, ó tó 3, pẹ̀lú ilé ikán kan. Ẹ̀kẹta ni ojú àbájáde omi, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n là sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi tó bá pọ̀jù lè gba ibẹ̀ lọ. Wọ́n ti ta àwọ̀n onírin dí i kí ẹja má baà sá lọ. Ewé, igi gbígbẹ àti ọ̀rá omi tí àwọn ènìyàn mu tán ti kún ojú àwọ̀n náà bámúbámú. Omi kò rí ibi gbà, ó sì ti gòkè débi pé kò ju ìbú apá kan lọ kí ó kan orí ògiri. Ẹ̀kẹrin, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ògiri nísàlẹ̀, níbi tó yẹ kó gbẹ. A bá omi tó ń sun jáde láti abẹ́ ògiri. Ọmọ náà bu ú sínú ìgò ó sì gbé e sókè kí a wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì oníwàrà.

Ohun karùn-ún kò nílò ẹnjiníà kí a tó rí i. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, létí ipa odò náà, ilé àwọn òṣìṣẹ́ oko wà, ó tó 7. Obìnrin kan ń wẹ ọmọ rẹ̀ nínú agbada. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Akwaaba." A dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n a kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

A lọ bá onílẹ̀. A fi sùúrù sọ ohun tí a rí. Ó ní ògiri náà ti lé ní ọdún 10, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní bí òun bá yọ àwọ̀n, ẹja òun á lọ, owó òun sì lọ nìyẹn. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó wọ̀ wá lára. Ó béèrè pé ṣé àlejò ló fẹ́ wá kọ́ òun bí òun ṣe máa tọ́jú ilẹ̀ bàbá òun ni?

Ẹ̀yin èèyàn wa, a padà sí Krofrom láì sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ló fi òwe yìí gbé ìlú yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 kí wọ́n fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Àwọn tó ti ní ilé àti ìsọ̀ gbé àpótí lé orí, wọ́n lọ. Àwọn tó kù, àti àwọn tó padà wá, kọ́ láti dákẹ́. Wọ́n ní kí a tajà wa, kí a sin òkú wa, kí a má dá sí ọ̀rọ̀ onílẹ̀. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó gba oorun lójú wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé, bí a bá gba owó wa padà tí a sì dákẹ́, ta ni yóò sọ fún obìnrin tó ń wẹ ọmọ?

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Àwa kò ka ìwé púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Ìwé tí a mọ̀, ẹ̀yìn káńtà la ti kọ́ ọ. Ọmọ ẹnjiníà yìí ń mú ìwé wá, ó ń ka á fún wa, a sì ń bi í léèrè. Ohun tí a rí kọ́ nìyí.

Ògiri erùpẹ̀ kì í ṣe nǹkan ẹ̀gàn. Bí wọ́n bá fi amọ̀ tó dára mọ ọ́n, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, ó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Barekese tó ń fún Kumasi lómi láti nǹkan bí ọdún 1971, ògiri erùpẹ̀ ni, ọkọ̀ òfuurufú kò sì gbé e wá. Ohun tó fi dúró ni pé wọ́n yan àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wò ó. Ògiri erùpẹ̀ dà bí ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́. Bí òrùlé rẹ̀ bá dára tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, yóò sin ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bí òjò bá ń ba orí rẹ̀ tàbí bí omi bá ń jẹ ìdí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kan kò ní bá a níbẹ̀.

Ọ̀nà pàtàkì 2 ni omi máa ń gbà pa á. Èkíní ni kí omi gun orí rẹ̀ kọjá. Bí omi bá ti ń ṣàn gba orí erùpẹ̀, yóò máa gbẹ́ ẹ lọ bí ìgbà tí a da omi sórí òkìtì iyanrìn, títí yóò fi la ọ̀nà ńlá. Ìdí nìyí tí ojú àbájáde omi fi jẹ́ ẹ̀mí ìsédò. Èkejì ni kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Omi tó mọ́ gaara tó ń sun díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ewu ńlá, ṣùgbọ́n a ó máa ṣọ́ ọ. Bí omi náà bá ti dà bí ẹrẹ̀, ògiri ló ń jáde yẹn. Ó ń kó inú ara rẹ̀ dà síta. Gbòǹgbò igi tó bá kú tó sì jẹrà á fi ihò sílẹ̀, òkété á gbẹ́ ihò tirẹ̀, ikán náà á ṣe tirẹ̀, omi á sì rí ọ̀nà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn á ní, adágún kékeré lásán ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Adágún tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní mítà 100, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2 péré, kò fi bẹ́ẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Mítà omi kan lóròó, lóòbú àti ní jíjìn, tọ́ọ̀nù kan ni ìwúwo rẹ̀. Omi inú adágún náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 20,000. Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ àjàgbé 1,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru tọ́ọ̀nù 20, tí gbogbo wọn jọ ń bọ̀ láti orí òkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó dúró láàárín wọn àti ilé 7 yẹn ni erùpẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ yìí kà fún wa, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé a ní kó tún un kà. Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Johnstown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Lókè rẹ̀, ní nǹkan bíi kìlómítà 22 sí i, ìsédò South Fork wà, ògiri erùpẹ̀ tó ga tó mítà 22. Ìjọba ló kọ́kọ́ mọ ọ́n fún omi ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó yá wọ́n tà á. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á yọ àwọn páìpù irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó tà wọ́n. Páìpù wọ̀nyí ni wọ́n lè fi dín omi kù nígbà tí ewu bá dé. Ní ọdún 1879, àwọn olówó dá ẹgbẹ́ ìpẹja àti ọdẹ sílẹ̀, wọ́n rà á fún ìgbafẹ́. Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n gé orí ògiri náà sílẹ̀ díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè rí ibi gbà. Wọ́n sì ta àwọ̀n dí ojú àbájáde omi kí ẹja má baà lọ.

Ẹ gbọ́ ọ. Kí ẹja má baà lọ.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá iléeṣẹ́ irin tó wà ní Johnstown, Daniel Morrell, rán onímọ̀ kan, John Fulton, lọ wo ibẹ̀ ní ọdún 1880. Fulton kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí páìpù tí wọ́n lè fi sọ omi náà kalẹ̀, àti pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ògiri kò dára tó. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìgbafẹ́ dá a lóhùn pé kí ará ìlú fọkàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, lẹ́yìn òjò ńlá, omi gun orí ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré láti ya ìdọ̀tí kúrò lójú àwọ̀n, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ní nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán, ògiri ya. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí omi fi dé Johnstown. Ènìyàn 2,209 ló kú. Kò sì sí ilé ẹjọ́ kankan tó dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Ní Toccoa Falls, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà kan náà, ìsédò erùpẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kelly Barnes wà lókè ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì kan. Wọ́n ti lò ó fún iná mànàmáná rí, ṣùgbọ́n adágún ìgbafẹ́ ló kù. Igi ti hù sára rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1977, lẹ́yìn òjò ọjọ́ púpọ̀, ó ya nígbà tí àwọn ènìyàn ń sùn. Ènìyàn 39 ló kú. Lẹ́yìn èyí ni ààrẹ Jimmy Carter pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsédò tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wò káàkiri ilẹ̀ náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nílé wa náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn ní ọdún 1980 kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó ju mílímítà 180 rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Omi náà ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ibi ìsìn-ẹja àti ọgbà ẹranko jẹ́. Nínú ọgbà yunifásítì yẹn ni ìsédò kékeré Awba wà, tí wọ́n sé ní ọdún 1964, tí ògiri rẹ̀ ga ní nǹkan bíi mítà 8. Ìlú tó ti ní yunifásítì àti onímọ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, omi ṣì bá a lójijì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya ní ẹ̀yìn Maiduguri, omi sì lé ọgọ́ọ̀rọ̀ẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò nílé. Ìsédò yẹn tóbi, kì í ṣe ti ìgbafẹ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ àti omi kò mọ èyí tí a kọ́ fún fàájì yàtọ̀ sí èyí tí a kọ́ fún oko.

Nígbà tí a gbọ́ gbogbo èyí tán, a pe ìgbìmọ̀ jọ. Ìpàdé náà le. Àwọn kan ní kí a gba owó wa, kí a má wá ọ̀rọ̀. Ìyálọ́jà tó bá wa lọ ló tú ìpàdé náà ká. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní òwe náà kò sọ pé ọmọ ẹni nìkan.

A kò fi agídí ṣe é. A kọ́kọ́ lọ bá Kábíyèsí, wọ́n sì fún wa lẹ́nu. A bá wọn gba ọ̀dọ̀ àgbààgbà ìlú yẹn àti ọmọ ìgbìmọ̀ asẹ́ńbílì àdúgbò náà. A kò pe onílẹ̀ ní ènìyàn búburú, nítorí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹni tó ń wo ẹja rẹ̀ ni. A ní kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bá wa lọ wò ó. Wọ́n lọ. Wọ́n ní kí wọ́n yọ àwọ̀n, kí wọ́n la ojú àbájáde omi kí ó fẹ̀ sí i, kí wọ́n sọ omi kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì dí ihò pẹ̀lú amọ̀ tí a tẹ̀. Inú onílẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó dá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó wa padà, ó ní ìdá kan tó kù jẹ́ ti ìdádúró tí a fà fún òun. Owó tí ẹ gbọ́ lẹ́nu akápò nìyẹn.

Ẹ lè bi wá pé, ṣé ògiri náà ìbá ti ya? A kò lè sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní parọ́ fún yín. Ó lè dúró fún ọdún 10 sí i. Ohun tí a mọ̀ ni pé ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lóru méjì léra, tí odò Aboabo gan-an kún bo afárá nínú ìlú níbí, a sùn. Bí ilé bá ní kí àwa ìgbìmọ̀ san owó yẹn, a ó san án, nítorí àwa la sanwó kí a tó wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí pé a sọ̀rọ̀ ni, a kò ní tọrọ àforíjì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Àwọn míì ń múra láti sé odò fún ẹja nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ẹjigbo, ní Ọ̀ffà. Àwọn ìyá ìjọ àti àwọn ìmáàmù ń kó ọmọ lọ gbafẹ́. Àwọn ohun tí a ó máa wò nìyí, kò sì nílò ìwé ẹ̀rí kí a tó lè wò ó.

Èkíní, ojú àbájáde omi. Ṣé ó wà? Ṣé ó ṣí sílẹ̀? Kò gbọdọ̀ sí àwọ̀n, igi, tàbí ìdọ̀tí tó dí i.

Èkejì, orí ògiri. Ṣé ó tẹ́jú, àbí ibì kan ti rì? Àyè wo ló wà láàárín omi àti orí ògiri? Bí kò bá tó mítà kan, kí a bèèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ara ògiri. Koríko kúkúrú ló yẹ kó wà níbẹ̀. Igi, ihò ẹranko, ilé ikán, ojú tó là tàbí tó ń yọ́ kò yẹ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ìdí ògiri lẹ́yìn. Bí ó bá tutù tàbí tí omi ń sun, ẹ bu ú sínú ìgò, ẹ wò ó. Bí ó bá ti rí bí ẹrẹ̀, ẹ má dúró síbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, páìpù ìsàlẹ̀. Ẹ bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe lè sọ omi kalẹ̀ bí ewu bá dé, àti ta ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ta ló ń gbé nísàlẹ̀? Ṣé wọ́n mọ̀ pé omi wà lókè wọn? Ta ni yóò pè wọ́n lóru?

Fún ẹni tó fẹ́ sé odò tirẹ̀, òfin wà ní Gánà. Ìlànà ààbò ìsédò ti ọdún 2016, L.I. 2236, wà lọ́wọ́ Water Resources Commission. Kí ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì, kì í ṣe lẹ́yìn tí omi ti kún. Nílé náà, ẹ wá ẹnjiníà. Owó ẹnjiníà kéré sí owó òkú.

Bí a bá lọ gbafẹ́ létí omi tí ògiri rẹ̀ dára, iṣẹ́ ṣì kù. Àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó ti omi, kí ó má mutí, kí ó má tẹ fóònù. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ súnmọ́ ojú àbájáde omi tàbí ẹnu páìpù, nítorí omi lè fà á. Kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi láì wọ ẹ̀wù tó ń léfòó. Ẹ rántí pé omi tó dúró lójú kan lè ní ìgbín tó ń gbé àtọ̀sí ajá. Bí ọmọ bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀ tó sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo. Bí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ má sáré tẹ̀lé ipa odò. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gun òkè, ẹ pariwo sí àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì pe 112.

Àbá tí a gbé ka iwájú ilé yìí ni pé, láti òní lọ, ẹgbẹ́ kò ní san owó sílẹ̀ fún ibi ìgbafẹ́ kankan títí ènìyàn 3 yóò fi lọ wò ó, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́ tó mọ̀wé. Ẹ ó dìbò lé e lórí kí a tó jẹun.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí kì í ṣe àlejò mọ́. Ilé wọn nìyí. A fẹ́ kí wọ́n dàgbà di ẹni tó lójú tó sì fi ń ríran, tó sì lè fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tó rí. Dáàmù tí a kò bójú tó, dààmú ni í dà. Kí Ọlọ́run má fi omi ṣe ìjà wa, kí ó fi ṣe àánú wa.   Ẹgbẹ́ wa kò ní tú.